Kọ́sẹ́ẹ̀tì Tí Mo Rán fún Ẹ̀yìn Ìyá Àgbà

Ẹ má sọ fún mi pé wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó lọ. Láti ọjọ́ tá a ti sin Ìyá Àgbà ni gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkòsì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Wọ́n á fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ni, pé kí n máa dúpẹ́, pé òkú ọ̀fọ̀ kọ́. Mo máa ń dáhùn pé àmín, ẹ ṣé, nítorí pé wọ́n kọ́ mi nílé. Inú mi kì í gbà á. Mo ṣì ń rákòrò nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Bàbá mi ò bá wa gbé rí. Ìyá Àgbà ni ìyá, àwọn ni bàbá, àwọn náà sì ni ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ aṣọ rírán. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní láyé ni wọ́n gbé lọ, ẹ wá ní kí n máa dúpẹ́.

Mi ò lè kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, àwọn náà ò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni ọwọ́ wọn, ẹnu wọn àti ìjà wọn. Mo sì mọ ohun kan ṣoṣo tí èmi àti wọn jọ lé títí: bí wọ́n ṣe máa dúró kí wọ́n sì rí èémí mí.

Àlhájà Ràlíátù ni orúkọ wọn, ọmọ Ìgbòho ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti Kétu dé Mile 12, Ìyá Kọ́sẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Lóde òní, ta ni kì í rán kọ́sẹ́ẹ̀tì? Ọmọ tó gba fírídọ́ọ̀mù lánàá á ra eegun oníke lọ́jà, á rán an mọ́ ara léèsì, á ya fọ́tò rẹ̀, á gbé e sórí fóònù. Ó máa ń bí Ìyá Àgbà nínú. Wọ́n á ní ọ̀ṣọ́ ara lásán nìyẹn. Èyí tí àwọn kọ́ ni ti ayé àtijọ́, tí àwọn ìyá Èkó ń wọ̀ sábẹ́ gáùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ibì kan lára, ó ń gbé e fún ibòmíràn.

Ìyá Àgbà kì í wọn obìnrin tó bá sé èémí. Ẹ mọ bá a ṣe máa ń ṣe tí téèpù bá ti dé ìbàdí: a ó fa ikùn wọlé, a ó máa wo òrùlé bí ẹni pé kì í ṣe àwa. Ìyá Àgbà á dúró, téèpù á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ka Fátíà fún mi." Bó bá jẹ́ onígbàgbọ́ ni, wọ́n á ní kó gba àdúrà Olúwa. Ohùn òkè ni o. Inú kíkà yẹn ni wọ́n ti ń wọn ọ́n, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sé èémí kó tún máa ké kéwú. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá dán an wò, yóò tún un kà nínú kọ́sẹ́ẹ̀tì. Bí èémí bá já mọ́ ọn lẹ́nu kó tó parí, wọ́n á tú okùn náà, wọ́n á sì tún un ṣe. Ìyàwó kan láti Òjòtá bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mama, ẹ fà á dáadáa jàre, wéísì mi ò tíì yọ." Wọ́n ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìbàdí ni wọ́n máa wò lóde, ọmọ mi. Imú lo máa fi dé ilé ọkọ."

Lọ́dọ̀ ìyá Àgùdà kan ní Kámpọ́ọ̀sì ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ìyá yẹn ní kọ́sẹ́ẹ̀tì kan tó jogún lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó ti pọ́n, ó ti gbó. Kò ya ohunkóhun sórí pépà fún wọn. Ó gbé kọ́sẹ́ẹ̀tì náà lé wọn lẹ́sẹ̀, ó ní kí wọ́n tú u palẹ̀ pátápátá, kí wọ́n sì tún un rán pa dà bó ṣe wà. Ìyá Àgbà tú u. Aṣọ ìlọ́po méjì ni. Wọ́n gé e ní ẹ̀là ẹ̀là, ẹ̀là kọ̀ọ̀kan fẹ̀ lókè, ó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ó tún fẹ̀ nísàlẹ̀. Àárín ìlọ́po méjèèjì ni wọ́n rán ojú ọ̀nà tóóró tóóró sí, inú rẹ̀ ni wọ́n ki eegun bọ̀. Wọ́n rò pé irin ni àwọn máa bá níbẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fá, tí wọ́n ṣù jọ, nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ rán an kò rí irin lò nígbà tirẹ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ọ̀gá wọn ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n rán an tán, ọ̀gá yẹn wọ̀ ọ́ sí wọn lọ́rùn fúnra rẹ̀, ó fa okùn ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n fọwọ́ wá ara wọn wò kí wọ́n sọ ibi tí ẹran tó wà ní ìbàdí lọ. Ìyá Àgbà wá a. Díẹ̀ ti gòkè sí ọmú, díẹ̀ ti sọ̀ sí ìgbáròkó. Èémí tó ń wà níkùn ti gun àyà lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gba iṣẹ́ náà gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ mi, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí mo bá ti jókòó sídìí maṣíìnì: "Ara kì í parẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Bó o bá lé e níbì kan, ó ń wá ibòmíràn gbà ni."

Bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n lè jà. Nínú oṣù ààwẹ̀, wọn kì í wọn ẹnikẹ́ni fún kọ́sẹ́ẹ̀tì, kódà kó o jẹ́ ìyàwó ọba. Ọdún kan ni Ìyá Kàdí, tó ń kó tòmátì nígbà tí tírélà bá dé láti òkè Ọya sí Mile 12, fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbẹ̀, mo ń ya bọ́tìnnì sọ́tọ̀.

"Àlhájà, ẹ bá mi wọn ọmọ yìí. Lẹ́yìn ìtúnu ni nikáì ẹ̀."

"Mo gbọ́. Ẹ mú un wá lẹ́yìn ìtúnu."

"Haba! Ìgbà wo lẹ wá fẹ́ rán an? Ṣé ojú àlá ni?"

"Ara tó ń gbààwẹ̀ kọ́ ló máa wọ̀ ọ́. Ara tó bá ti jẹun ló máa wọ̀ ọ́. Mi ò tíì rí ìyẹn."

"Wàláì, ẹ ti ń yan wá jẹ jù. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ní maṣíìnì ní Ìkòsì ni?"

"Rárá o. Wọ́n pọ̀ lójú títì. Ẹ lọ bá wọn."

Ó lọ bá wọn lóòótọ́. Nígbà tí àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó náà yóò fi mọ́, ọmọ náà ti jẹ ọdún, ó ti mu zobo, ara ti pa dà sípò rẹ̀, kọ́sẹ́ẹ̀tì ò sì pàdé lẹ́yìn mọ́. Ìyá Kàdí àti ọmọ náà sáré gbé e dé pẹ̀lú omijé àti páńkéèkì lójú. Mo rò pé Ìyá Àgbà máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n fi aṣọ tó ṣẹ́ kù kún un. Ìyá Kàdí dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó lọ. Kọ́sẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó máa bẹ ara, ara kọ́ ló yẹ kó máa bẹ kọ́sẹ́ẹ̀tì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí báyìí, nítorí pé èmi náà wá di ẹni tó ń bẹ ara Ìyá Àgbà.

Ó pẹ́ tí ẹ̀yìn wọn ti ń tẹ̀. Bí mo bá ní, "Ìyá Àgbà, ẹ nà ró," wọ́n á ní abẹ́rẹ́ àwọn ló jábọ́, àwọn ń wá a nílẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á rẹ́rìn-ín. Ọdún ń gorí ọdún, abẹ́rẹ́ yẹn ò ṣeé rí. Nígbà tó yá, àgbọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, eegun ìhà wọn sì jókòó lé ìgbáròkó. Bí wọ́n bá tọ́ ẹ̀kọ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní àwọn ti yó. Wọ́n á rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa mí hẹlẹ bí ẹni tí ajá lé. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Ifákọ̀ ṣe sùúrù fún wa. Ó gbé fọ́tò eegun sí iwájú iná, ó fi hàn mí bí eegun ẹ̀yìn ṣe rọ̀ tó sì wó lé ara wọn. Ó ní ara wọn ò lè gba iṣẹ́ abẹ mọ́. Ó ní bí àyà bá ń wó lọ bẹ́ẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ò ní ráyè. Bẹ́líìtì oníke tí wọ́n fún wa láti fi gbé ẹ̀yìn ró bó wọn lára, wọ́n sì bọ́ ọ jù sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, mo ń sunkún bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Mo bẹ Ọlọ́hun. Mo ní kó gba ọdún nínú tèmi kó fi kún tiwọn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká rán kọ́sẹ́ẹ̀tì fún yín. Ti àtijọ́."

Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rán an fáyé. Ó ti wá kàn mí báyìí?"

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, omi lásán kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun wọn nítorí pé àyè ò sí. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní kí n lọ mú aṣọ dírìlì wá, èyí tó nípọn tá a fi ń rán kọ́sẹ́ẹ̀tì.

Ìwàǹwara mú mi. Pépà tá a fi ń gé bùbá wọn láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ṣì wà lára ògiri. Mo mú un, mo fi gé ẹ̀là gbogbo, mo kó wọn lọ sórí bẹ́ẹ̀dì fún wọn tayọ̀tayọ̀. Wọ́n tò wọ́n jọ lórí ìtẹ́dìí, ẹ̀là kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n wò ó títí.

"Ta lo ń rán an fún?"

"Ẹ̀yin ni mà."

"Ẹni tó ni pépà yìí ti lọ, Àbẹ̀kẹ́. Èmi tó kù ni kó o rán an fún."

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún díẹ̀, wọ́n wá bọ́ bùbá wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ní kí n wọn àwọn bí àwọn ṣe wà. Mo fi téèpù lé iké ẹ̀yìn wọn. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí láìsí aṣọ lórí rẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n ń ka Fátíà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì.

Ibẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí kọ́sẹ́ẹ̀tì jẹ́. Aṣọ tí mo gé lẹ́ẹ̀kejì gùn lẹ́yìn, ó kúrú níwájú, kò gún régé rárá. Bó o bá rí i lórí tábìlì, wàá ní aláìmọṣẹ́ ló gé e. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ẹnikẹ́ni ò lè tọ́ ẹ̀yìn àwọn mọ́, pé ohun tá a lè ṣe ni pé ká jẹ́ kí ìgbáròkó bá ẹ̀yìn gbé ẹrù, kí ìhà lè kúrò lórí ikùn, kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà gbà. Mo fẹ́ ki irin bọ̀ ọ́ nítorí pé irin lágbára. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní irin kì í gbọ́ ti ara. Pé ìgbálẹ̀ á gba ooru ara mọ́ra, á tẹ̀ síbi tí ara bá tẹ̀ sí. Mo ra ìgbálẹ̀ tuntun lọ́jà Kétu, mo fá a, mo rẹ ẹ́ sómi, mo ṣù ú. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tọ ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí mo bá rán. Bó bá há tàbí bó bá ní kókó, wọ́n á ní, "Tú u." Mo tú u, mo tún un rán, mo tún un tú. Ìka mi ṣẹ̀jẹ̀. Mò ń rán an bí ẹni tó ń fi òwú so wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́, àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn, bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo wá fà á lọ sókè, mo fà á lọ sísàlẹ̀. Orí wọn ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójijì ni mo gbọ́ èémí kan tó gùn, tó lọ dé ìsàlẹ̀ ikùn, irú èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ tán. Wọ́n ní kí n gbé àga síta. Ìyá Kàdí ń kọjá lọ, ó lọgun pé, "Yéè! Àlhájà ti di sísí!" Wọ́n ní, "Mo ti jẹ́ sísí kí wọ́n tó bí ẹ." Inú mi dùn débi pé ó ń bà mí lẹ́rù. Mo ní a ti borí. Mo sọ ọ́ síta fún àwọn ará ilé, mo ní Ìyá Àgbà ò lọ ibì kankan mọ́.

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní ó ti rẹ ọkàn wọn kó tó di pé ó ráyè. Òkè ara wọn sì ń rù. Lójoojúmọ́ ni mò ń fa okùn díẹ̀ sí i kí kọ́sẹ́ẹ̀tì náà lè dì wọ́n mú. Ẹni tó bá ń rán irú kọ́sẹ́ẹ̀tì yìí mọ̀ pé àyè gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn láàárín etí aṣọ méjèèjì. Bí etí bá ti kan etí, kò sóhun tí okùn tún lè fà. Mo ń wo àyè yẹn bó ṣe ń dín. Ọjọ́ kan, mo fà á, etí kan etí. Ó sì ṣì ṣò lára wọn. Wọ́n ti sọ fún mi pé ara kì í parẹ́. Tiwọn ń parẹ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀, mi ò sì mọ ibi tó ń wá gbà.

Mo mú sísọ́ọ̀sì. Mo ní màá gé òmíràn tó kéré sí i, pé kó tó di ọ̀la màá ti rán an tán.

Wọ́n ní, "Tú mi, Àbẹ̀kẹ́."

"Bí mo bá tú u, ẹ máa wó."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò ní lè mí, Ìyá Àgbà."

"Mo ti mí tó."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́. Ta ni kí n wá máa bá gbé? Ta ló máa sọ fún mi pé kí n tú u, kí n tún un rán? Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ títí ohùn mi fi lọ. Wọ́n wá ní, "O ti mọ̀ ọ́n rán. Ó ku kó o mọ̀ ọ́n tú."

Mo tú u. Okùn yẹn gùn. Bó ṣe ń ṣò ni wọ́n ń rọ̀ wá sí mi lára, orí wọn bọ́ sí mi léjìká, ẹ̀yìn wọn pa dà sí bó ṣe fẹ́ wà. Mo gbá wọn mú níbẹ̀. Èémí wọn ń kúrú. Mo ń bá wọn mí, bí aṣiwèrè, mo rò pé bí mo bá mí sí i, yóò kàn wọ́n. Wọn ò dúró de ìrun àṣálẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn ìyá láti mọ́ṣáláṣí wá wẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé wọn sórí pátákó, ẹ̀yìn náà ò sì lè dùbúlẹ̀. Orí wọn wà lókè, kò kan nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, tí kò dàgbà púpọ̀, rọra gbé ọwọ́ lé àyà wọn kó lè tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Mo figbe ta. Mo ní, "Ẹ má tẹ̀ wọ́n! Ẹ má tẹ̀ wọ́n o!" Mo ti ọwọ́ mi bọ abẹ́ ẹ̀yìn wọn, mo fi gbé wọn ró. Mo ní kí wọ́n dúró, kí n lọ mú kọ́sẹ́ẹ̀tì náà wá, pé màá gé e kéré, pé ó máa jẹ́ kí wọ́n tọ́, pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mi ò mọ gbogbo ohun tí mo sọ.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé kẹ́tùlù omi sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún la máa tẹ́ wọn sí nínú sàréè, kí wọ́n lè kọjú sí Kíbúlà, síhà Mẹ́kà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tẹ́ gbogbo èèyàn. Wọn ò nílò kí wọ́n tọ́ mọ́."

Ó rọra yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ̀yìn tẹ̀, ọrùn tẹ̀, orúnkún tẹ̀ lé wọn, gbogbo ara sì jókòó sórí pátákó láìsí èyí tó gbé sókè. Mo ṣì ti ọwọ́ mi mọ́ wọn lẹ́yìn. Kò sóhun tó ń gbé mọ́. Àwọn ìyá náà dúró dè mí, omi wà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó kán mi lójú. Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lẹ́yìn ìyá mi.